Wọ́n ní kí n wá ṣe ọ̀gá Síkáótù: kí ni iṣẹ́ àgbàlagbà láàárín àwọn ọmọ?

Ọmọ Ìtòkú (Abẹ́òkúta):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹgbẹ́ Síkáótù kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nǹkan bí ọgbọ̀n ọmọ ló wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, láti ọmọ ọdún 11 títí dé 16. Ọ̀gá tí ó ti ń darí wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ti kó lọ sí Àbújá nítorí iṣẹ́, àwọn àgbà ìjọ sì pè mí pé kí n bọ́ sípò rẹ̀. Wọ́n ní mo ní sùúrù, ilé mi kò sì jìnnà. Èmi kò ṣe Síkáótù rí nígbà èwe mi. Yunifọ́ọ̀mù kákí àti síkáàfù ọrùn wọn nìkan ni mo mọ̀. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, n kò sì béèrè.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé, nígbà tí mo lọ wò wọ́n ní ọ̀sán Sátidé, àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń ṣe gbogbo nǹkan fúnra wọn. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 14 lọ ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù, tí àwọn àgbà méjì tí wọ́n wà níbẹ̀ sì jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ lè ṣe é, kí ni wọ́n fẹ́ fi àgbàlagbà ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀dí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye kí n tó fún ìjọ lésì.

Bàbá Àgọ́ (Ìbàdàn):

Ẹ kú ìrònú, àbúrò mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ̀yìn tì nínú Síkáótù. Àwọn tí ẹ bá lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1907, Baden-Powell, ẹni tí ó dá Síkáótù sílẹ̀, kó ọmọkùnrin 20 lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; àwọn kan wá láti ilé-ìwé àwọn olówó, àwọn kan sì jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ lásán. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó fi ọ̀kan nínú wọn ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi yé olórí náà pé òun ni yóò máa dáhùn fún ìwà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ nínú àgọ́ tàbí nínú igbó. Ọ̀wọ́ kéékèèké yẹn ni à ń pè ní pátíróòlù. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fi dé Nàìjíríà ní ọdún 1915, ètò yẹn ló bá a wọlé, òun náà sì ni ọmọbìnrin tí ẹ rí yẹn ń lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti máa ń rí. Ọ̀wọ́ kan fẹ́ se ìrẹsì. Igi wọn tutù, èéfín ti bo gbogbo ojú, olórí wọn kò sì rántí pé kí ó kọ́kọ́ kó ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí ó gbẹ jọ kí ó tó ki igi ńlá bọ̀ ọ́. Àgbàlagbà tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ń yún un, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dìde. Bí ìrẹsì náà bá jóná lábẹ́ tí ó sì ní kókó nínú, wọn yóò jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ wọn yóò sì jókòó sọ ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá gbé gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì pé òun fẹ́ dà á sórí igi tí iná ti ń rú nínú rẹ̀, àgbàlagbà náà ti gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọmọ náà tó ṣí i. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun jókòó àti ìgbà tí ó yẹ kí òun fò dìde kò tíì mọ iṣẹ́ ọ̀gá Síkáótù, bí ó tilẹ̀ lè ta gbogbo kókó okùn tí ó wà láyé.

Iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù kì í ṣe ti ọjọ́ Sátidé. Láàárín ọ̀sẹ̀ ni ẹ ó pe àwọn olórí ọ̀wọ́ jọ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ni ẹ ó lọ wo ibi tí wọ́n fẹ́ lọ, ni ẹ ó kàn sí òbí tí ọmọ rẹ̀ kò wá mọ́. Ní ti pé ẹ kò ṣe é rí, ìyẹn kì í ṣe ìdíwọ́. Láti ọdún 1919 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gilwell Park lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀kọ́ náà sì ti tàn káàkiri ayé. Ìlẹ̀kẹ̀ igi méjì tí ẹ máa ń rí lọ́rùn àwọn ọ̀gá kan ni àmì rẹ̀. Níbẹ̀, wọn yóò pín ẹ̀yin àgbà pàápàá sí ọ̀wọ́, ẹ ó dáná, ẹ ó pàgọ́, ẹ ó sì gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí kò tó yín lọ́jọ́ orí. Mo rí ọ̀gá ilé-ìwé kan tí ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

Òbí Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Ìkòròdú):

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Mo ní ọmọ nínú Síkáótù ilé-ìwé, n kò sì tíì mọ̀ bóyá n óò jẹ́ kí ó máa bá a lọ. Nílé tiwa, àgbà kì í jókòó kí ọmọdé máa pàṣẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí wọ́n gba ọmọ mi wọlé, alẹ́ ni wọ́n ṣe é, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ṣe ìlérí kan, wọn kò sì pe òbí kankan síbẹ̀. Nínú ìlú tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ti fásitì wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ta ni kò ní fòyà? Èyí tí ó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé, nígbà tí ọmọ yìí délé, ọwọ́ òsì ló nà sí bàbá mi láti fi kí wọn. Bàbá kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọn kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Kí àgbàlagbà tí ó wà nídìí rẹ̀ ṣàlàyé èyí fún mi.

Bàbá Àgọ́ (Ìbàdàn):

Ẹ kò jẹ̀bi rárá, ìyá. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣe ètò yẹn ni wọ́n jẹ̀bi. Kò sí ohun tí ó wà nínú ìlérí Síkáótù tí a kò lè kà sókè ní ojú ọjà: ọmọ yóò fi ọlá rẹ̀ ṣe ìlérí láti ṣe ojúṣe rẹ̀ sí Ọlọ́run àti sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, láti máa ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, àti láti pa òfin Síkáótù mọ́. Mùsùlùmí ń ṣe é, onígbàgbọ́ ń ṣe é. Níbi tiwa, ọ̀sán gangan ni, gbogbo òbí la máa ń pè, a sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìlérí náà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ọ̀gá tí ó bá sọ pé àṣírí ni, kí òbí mú ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì jẹ́ òtítọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Síkáótù ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́ káàkiri ayé. Àmọ́ láàárín ara wọn ni, wọn kì í gbé e dé iwájú àgbà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀ nílé, obìnrin yóò kúnlẹ̀, ẹni tí ó bá sì na ọwọ́ òsì sí ìyá àgbà rẹ̀ kò ní gba síkáàfù. Àṣẹ tí ọmọ ń pa fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ àgbà. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣètò ènìyàn méje ni, àgbà kan sì wà tí ó ń wò ó.

Ìyá Nọ́ọ̀sì (Òṣogbo):

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ẹ ti sọ ti iná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fọ́ọ̀mù, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ àgbàlagbà ti fara sin jù lọ. Kí ọmọ kankan tó tẹ̀lé yín kúrò nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé tí òbí rẹ̀ buwọ́ lù lọ́wọ́, nọ́ńbà fóònù ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, àti àìsàn tí ó ń ṣe ọmọ náà, oògùn tí ó ń lò, oúnjẹ tí kò bá a lára mu, àti jẹ́nótáìpù rẹ̀.

Mo tẹnu mọ́ jẹ́nótáìpù. Ọmọ tí ó jẹ́ SS lè lọ sí àgọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òùngbẹ, òtútù òru àti làálàá tí ó pọ̀ jù lè bẹ̀rẹ̀ ìrora sí i lára, ìrora náà sì lè le débi tí ẹ ó fi máa wá ọkọ̀ ní aago méjì òru. Omi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, súwẹ́tà gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ nínú odò tútù. Àwọn òbí mìíràn máa ń fi í pamọ́ nítorí ojú ayé. Ẹ má béèrè níwájú ìjọ. Ẹ lọ bá wọn nílé, kí ẹ sì fi dá wọn lójú pé ẹni méjì péré ni yóò rí ìwé náà. Lọ́dún tí a lọ sí àgọ́ kan lẹ́bàá Ìlá, bàbá ọmọ kan kọ ‘AA’ sínú fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nídìí ọkọ̀, ó sì sọ òtítọ́ fún mi. Aṣọ òtútù méjì ni mo wọ̀ fún ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì ń jí i mu omi. Ilẹ̀ mọ́, ó ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù.

Ọmọ Ìtòkú, ẹ sọ pé ọmọbìnrin wà nínú wọn. Ṣé obìnrin kan wà lára àwọn àgbà méjì yẹn? Bí kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan ní ilẹ̀ wa: nínú ẹgbẹ́ Girl Guides, ìyẹn èkejì Síkáótù fún àwọn ọmọbìnrin, tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1919, Lady Oyinkan Abayomi, tí ó ṣe tíṣà ní Queen's College ní Èkó, wà lára àwọn aṣáájú tí wọ́n gbé e ró.

Ará Peckham (Lọ́ńdọ̀nù):

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi jẹ́ olùyọ̀ǹda nínú Cubs níhìn-ín, ìyẹn àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá àbọ̀. Akela, ìyẹn orúkọ tí Cubs ń pe ọ̀gá wọn, ni wọ́n ń pè mí, kódà nígbà tí wọ́n bá pàdé mi ní ọjà. Kí n tó lè dúró tì wọ́n, wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò DBS fún mi, èyí tí ó ń wò ó bóyá ẹnì kan ti dá ọ̀ràn rí tàbí wọ́n ti fòfin dè é láti bá ọmọdé ṣiṣẹ́. Olùyọ̀ǹda kì í san owó rẹ̀, ẹgbẹ́ sì máa ń tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Wọ́n tún fún mi ní káàdì aláwọ̀ ìyeyè kan tí mo ń fi sínú àpò; ó sọ ohun tí mo lè ṣe àti èyí tí n kò gbọdọ̀ ṣe lọ́dọ̀ ọmọ, àti ẹni tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún bí ọmọ kan bá fi ẹ̀dùn ọkàn kan hàn mí.

Bí a bá jáde síta, àgbàlagbà kan fún Cubs mẹ́jọ ni òfin wa, kan fún Síkáótù 12, ẹni tí ó ṣe olórí ìrìn-àjò náà kò sì sí nínú òǹkà yẹn. Bí a bá máa sùn síta, ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ pàtó fún un.

Níbo la ti ń rí ènìyàn? Lára àwọn òbí ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a wà níbí máa ń já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì sáré lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Bí ẹ bá kéde pé ẹ ń wá ọ̀gá, kò sẹ́ni tí yóò dáhùn. Ìyá kan wà tí mo bẹ̀ pé kí ó kàn wá fi bí a ṣe ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé han àwọn ọmọ, fún wákàtí kan péré. Àwọn ọmọ òyìnbó ń da ẹ̀wà sára, ewé ń ya lọ́wọ́ wọn, òun ń rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún wá láìjẹ́ pé mo pè é. Nísinsìnyí òun ni igbá-kejì mi.

Bàbá Àgọ́ (Ìbàdàn):

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àgbàlagbà kan fún ọmọ 12, níbo lẹ fẹ́ kí a ti rí i ní ìlú tí ènìyàn ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn kí ó tó lè jẹun? Èmi nìkan ni mo darí ọmọ mẹ́rìnlélógún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Àwọn òbí mọ̀ mí, wọ́n mọ ìyàwó mi, wọ́n mọ ilé mi. Láwùjọ tí a ti mọ ara wa, kí la fẹ́ fi ìwé ọlọ́pàá ṣe?

Ará Houston (Tẹ́sáàsì):

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ èyí. Àwọn tí wọ́n ṣe aburú ní Amẹ́ríkà kì í ṣe àlejò. Àwọn tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí wọ́n ti lo ogún ọdún nínú ẹgbẹ́, tí àwọn òbí fi ọmọ lé lọ́wọ́ láìbéèrè, ni wọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, Boy Scouts of America lọ sí ilé-ẹjọ́ pé àwọn ti wọko gbèsè nítorí ẹjọ́ tí wọ́n pè wọ́n. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jáde, ó lé ní 82,000 ènìyàn tí wọ́n sọ pé àgbàlagbà inú ẹgbẹ́ bá àwọn ṣe ìṣekúṣe nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di bàbá àgbà kí wọ́n tó lè ya ẹnu sọ ọ́. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n fẹnu kò sí lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là. Ẹgbẹ́ náà ti yí orúkọ padà sí Scouting America ní ọdún 2025.

Òfin tí a ń lò níhìn-ín báyìí kò ṣòro lóye. Àgbàlagbà méjì tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 21 ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà níbi ìpàdé àti ìrìn-àjò gbogbo. Bí ọmọbìnrin bá wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Àgbà kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níkọ̀kọ̀, kò gbọdọ̀ bá a sùn nínú àgọ́ kan náà; àárín àwọn Cub kéékèèké nìkan ni òbí tàbí alágbàtọ́ ti lè bá ọmọ rẹ̀ sùn. Fóònù kò yọ sílẹ̀: bí mo bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ kan, mo gbọ́dọ̀ fi òbí rẹ̀ tàbí ọ̀gá mìíràn sínú rẹ̀.

Ẹ ó rí i pé òfin yìí dáàbò bo èmi náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ̀sùn kàn mí lọ́la, ẹnì kan wà tí ó mọ ibi tí mo wà. Ìyá tí kò mọ̀ mí rí kò sì ní láti gbẹ́kẹ̀ lé ojú rere mi.

Ìyá Nọ́ọ̀sì (Òṣogbo):

Ẹ ṣeun, Ará Houston. Kí n kàn fi kún un pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ní irú òfin bẹ́ẹ̀; Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2003, ẹni tí kò tíì pé 18 ni ó sì pè ní ọmọdé.

Òbí Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Ìkòròdú):

Bí wọ́n bá ti ṣàlàyé báyìí fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi fúnra mi ìbá ti yọ̀ǹda ara mi. Ìbéèrè kan ló kù: bí ọmọ bá ṣàìgbọràn, ta ni ń nà án?

Bàbá Àgọ́ (Ìbàdàn):

Ẹnikẹ́ni kì í nà án. Olórí ọ̀wọ́ rẹ̀ yóò bá a sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀ àwọn olórí ọ̀wọ́ yóò pè é, bí ó bá sì kọjá agbára wọn, a ó ránṣẹ́ pe òbí. Mo ti rí ọ̀gá tí ń mú pàṣán lọ sí ìpàdé. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ohunkóhun ṣe bí kò bá sí níbẹ̀.

Ará Houston, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín. N kò tíì gbà pé ìwé ọlọ́pàá lè ṣe é ní gbogbo ìlú kéékèèké wa, nítorí owó rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà méjì, mo gbà, kò náni ní kọ́bọ̀. Bí a kò bá rí ẹnì kejì, kí ìpàdé ọjọ́ náà má wáyé.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan owó, nítorí òun ló máa ń tú ẹgbẹ́ ká. Olùyọ̀ǹda kì í gba owó oṣù, àmọ́ owó ọkọ̀, okùn, àgọ́ àti oúnjẹ yóò máa jáde nínú àpò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ yóò fi béèrè. Ẹ jẹ́ kí ìjọ ya iye kan sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí owó tí àwọn ọmọ ń san má wọ inú àkáǹtì ti ara yín rárá, kí ẹnì kan gbà á, kí ẹlòmíràn kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì lẹ ìṣirò mọ́ ògiri gbọ̀ngán níparí táàmù kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ọ̀gá kan tí kò jí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, tí wọ́n fi ìtìjú lé e kúrò.

Ọmọ Ìtòkú (Abẹ́òkúta):

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará òkè òkun. Mo ti fún ìjọ lésì lánàá. Mo ní n óò gbà á, ṣùgbọ́n n kò ní bẹ̀rẹ̀ títí obìnrin kan yóò fi bá mi dúró, nítorí pé ọkùnrin ni àwọn méjèèjì tí mo bá níbẹ̀. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí òun náà ṣe Girl Guide nígbà tí ó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ti gbà láti wá. Mo tún béèrè fún owó tí yóò wà lọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́; wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní àwọn yóò jíròrò.

Ìṣòro kan ṣẹ́kù. Àwọn ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní oṣù Kẹjọ, nítorí pé ọ̀gá àtijọ́ ti ṣèlérí rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n má baà rò pé mo wá ba nǹkan jẹ́.

Ìyá Nọ́ọ̀sì (Òṣogbo):

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró. Ẹ kò tíì mọ orúkọ wọn tán, ẹ kò sì tíì mọ èyí tí ó ń rìn lójú oorun. Ẹ fi ìrìn ojúmọ́ kan dípò rẹ̀, sí Òkè Olúmọ tí kò jìnnà sí yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 yẹn àti àwọn olórí ọ̀wọ́ yòókù bá ẹ̀yin àti ìyá akọrin yẹn lọ wo ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. Kí àwọn fúnra wọn béèrè iye owó ìwọlé, kí wọ́n wo ibi tí òòrùn ti mú jù, kí wọ́n ṣírò iye omi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbé, kí wọ́n sì wá jíyìn fún yín. Ẹ óò fi ìyẹn mọ ọ̀wọ́ tí ó ti tó lọ sí àgọ́. Mo ti fi fọ́ọ̀mù tí mo ń lò ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé méjì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní bá yín lọ.